Ọdẹ́jìmí àti Òkúta Agbọ́mọsáré

"Wọ́n ní òkúta kan…"

"Òkúta wo?"

"Èyí tó wà nídìí àgbálùmọ̀ létí igbó… wọ́n ní ó ṣàdédé dìde…"

"Òkúta? Ó dìde?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ìbíwùmí ló sáré wọlé, ó ní ọmọ náà ń bẹ lórí òkúta, ó ń ké pe…"

"Ọmọ ta?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ panu mọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàdé Ọdẹ́jìmí nìyẹn. Ọdẹ ni, apó rẹ̀ kì í gbófo, àjà rẹ̀ kì í sì ṣàì ní ẹran gbígbẹ. Ó ti igbó dé pẹ̀lú ìgalà lọ́rùn, ó ń súfèé bọ̀ lójú ọ̀nà, àfi bó ṣe rí i tí àwọn ará Agbèjò tó pé sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ tó bá gbé ẹran wọ̀lú tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ itan lọ́wọ́ rẹ̀, kó tètè mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé ilé ṣáájú òun. Ó sọ ìgalà kalẹ̀.

"Bàbá Àwẹ̀ró," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọyẹ́. "Òkúta ti gbé ọmọ lọ."

Àwẹ̀ró yìí nìkan ni Olódùmarè fi ta tọkọtaya náà lọ́rẹ. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú ni. Òun àti Ìbíwùmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ lọ ṣa àgbálùmọ̀. Ní Agbèjò, a kì í déédéé jókòó lé òkúta inú igbó. A ó kọ́kọ́ fi ìka kàn án kó-kó-kó, a ó ní, "Onílé, ẹ fún wa láyè," nítorí kì í ṣe gbogbo òkúta ni òkúta. Gbogbo ọmọ ìlú náà ló mọ èyí kí wọ́n tó já lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n adùn àgbálùmọ̀ gba ọkàn ọmọ náà, ó jókòó láìkí onílé. Ni òkúta bá na ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin jáde bí ahun, ó gbọn ara rẹ̀, ó bẹ́ sí eré.

Àwọn àgbà mọ òkúta náà. Òkúta Agbọ́mọsáré ni. Bí ó bá jí lójú oorun, á yí òkè ká, á bọ́ sí Pápá Yọ̀tẹ̀rẹ̀, pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ, níbi tí ohunkóhun tó bá ti gbéra kì í dúró mọ́. Òpin pápá náà ni Ọ̀gbun Àìnísàlẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni òkúta náà ń lọ parí oorun rẹ̀, ohun tó bá sì bá a wọ ibẹ̀, ó di àwátì.

Olúọdẹ Fágbèmí, olórí àwọn ọdẹ, fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀. "Ọdẹ́jìmí, o mọ òfin wa. Ọdẹ Agbèjò kì í yà fún ohun tó ń bọ̀. Bí o bá gba àárín igbó iwin, wàá ṣáájú rẹ̀ dé pápá. Dúró síwájú rẹ̀ gbọn-in, kí o sì fi kùmọ̀ yìí gbá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Ó na kùmọ̀ kan sí i, igi ìrókò ni, irin ni wọ́n fi dé e lórí.

"Bí mo bá gbá a dúró, Bàbá, ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ á bọ́ sílẹ̀."

Ó dún bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Gbogbo ọdẹ tó wà níbẹ̀ mirí, Ọdẹ́jìmí náà mirí, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ó wọ gbẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀wù ọdẹ tí bàbá bàbá rẹ̀ wọ kó tó kàn án, tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àdó àti owó ẹyọ kún ara rẹ̀ títí kò fi sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Ìyàwó rẹ̀ bá a so okùn ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bí ẹ kò bá mú un bọ̀," obìnrin náà wí, "ẹ má padà wá ṣàlàyé fún mi."

"Mo gbọ́," ni Ọdẹ́jìmí fèsì. Ó yí ojú sí igbó.

Títí di òní, bí Ọdẹ́jìmí bá ń sọ ìtàn yìí lábẹ́ igi ọdán níwájú ilé olúọdẹ, ibí yìí ló ti máa ń dìde dúró. Á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń pa ẹ̀pà jẹ yẹn, ẹ fẹ̀pà sílẹ̀! Ìrìn tí mo rìn lọ́jọ́ náà, bí àṣá bá fò ó, ìyẹ́ rẹ̀ á re. Igbó tí iwin fúnra rẹ̀ ń ṣèbà kó tó wọ̀ ọ́, èmi là á já bí ẹni la iṣu!"

Akíngbádé, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó simi, á bi í pé, "Ṣé ìwọ ò ṣèbà rárá?"

"Mo ṣe díẹ̀," á wí, á sì tún jókòó.

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nínú igbó náà, Ọdẹ́jìmí rí igi tó ń fi gbòǹgbò rìn lọ pọn omi. Ó pàdé iwin kan tí ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, tó ní kí ó dúró kí òun sọ àlá òun fún un. Ọdẹ́jìmí ní, "Bàbá, ọmọ mi wà lórí òkúta." Iwin náà ní, "Àlá mi gùn o." Ọdẹ́jìmí ní kó sọ ọ́ tẹ̀lé òun lẹ́yìn, ó sì ń rìn lọ. Iwin sọ àlá títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọdẹ́jìmí kò bojú wẹ̀yìn.

Ibi tí igbó ti tán ló ti já sí ìlú àwọn Olóríirin. Àwọn èèyàn yìí kì í fi ẹnu kíra. Orí ni wọ́n fi ń kíra. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá rí ara wọn lókèèrè, oníkálukú á tàdí mẹ́yìn bí àgbò tó lọ mú agbára wá, wọn á sáré pàdé, gbàgà! Kò sí èyí tí orí rẹ̀ á wú, kò sí èyí tí iwájú orí rẹ̀ á gbóná. Bí eré tí wọ́n bá sá wá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni eré tí wọ́n fi ń ta padà ṣe máa ń pọ̀ tó, wọn á sì tún yíjú, wọn á tún pàdé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì wà láàárín ọjà wọn tó ń jà lórí ààlà oko. Ayé bàbá ńlá ọba wọn ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ̀.

Ọba wọn, Agbárí, gbọ́ ẹ̀dùn Ọdẹ́jìmí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òkúta lásán-làsàn? Ọdẹ, jókòó jẹun. Àwa á tò síwájú rẹ̀, a ó kí i bí a ṣe ń kí àlejò. Bó ṣe sáré wá ló ṣe máa sáré padà."

Inú Ọdẹ́jìmí kọ́kọ́ dùn. Kùmọ̀ olúọdẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú tí kùmọ̀ ń gbé nìyí. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í gbé ọfà sórí ọrun láìkọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ẹyin àparò kan wà nínú àpò rẹ̀ tó ṣà lójú ọ̀nà. Ó mú un jáde.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n gbé èyí lé orí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín. Kí ó fi í kí ẹnì kejì rẹ̀."

"Ẹyin? Kí ni ẹyin ṣe?"

"Ẹ ṣàánú mi, kí n rí i ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹyin lé àárín orí, ó tàdí mẹ́yìn, ó sáré, gbàgà! Òun ta padà láìṣe nǹkan kan. Ẹyin kò bá a padà. Iwájú tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ni ẹyin ń bá lọ, ó fò lọ bá ògiri ààfin, ó fọ́ yángá, pupa rẹ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri díẹ̀díẹ̀.

Ọdẹ́jìmí wo pupa náà títí ó fi kan ilẹ̀. Ó rí i nígbà náà pé ohun tí olúọdẹ sọ, tí gbogbo àwọn ọdẹ sì mirí sí, ọmọ òun ni yóò pa. Òkúta á dúró lóòótọ́. Àwẹ̀ró kò ní dúró.

Ó gbé kùmọ̀ ti ògiri náà. "Kábíyèsí, mo dúpẹ́ oúnjẹ tí n kò jẹ. Mo ń lọ."

"Ìwọ ọdẹ! Kí lo máa fi dá a dúró?"

"N kò tíì mọ̀," ni Ọdẹ́jìmí wí, "ṣùgbọ́n lílọ ni mò ń lọ."

Ó lọ lóòótọ́, ó fi ìpinnu di àmùrè. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣé a rí ẹ̀sọ̀ tí a fi ń mú òkúta tó ń sáré? Ohun tó ń bi ara rẹ̀ nìyẹn títí ó fi dé ẹnu ibodè Pápá Yọ̀tẹ̀rẹ̀.

Arúgbó kan ló jókòó sí ibodè náà, ó ga ju àjà lọ. Yèyé Àfọwọ́mọ́ ni orúkọ rẹ̀. Àtè ni gbogbo ara rẹ̀, irú àtè tí àwa ọdẹ fi ń mú ẹyẹ, tó jẹ́ pé bí ẹyẹ bá bà lé e, ó ti bà nìyẹn. Ohun gbogbo tó ti kàn án rí ló ṣì wà lára rẹ̀: ìkòkò, agbọ̀n, àgbébọ̀ adìyẹ kan tó tún yé sí èjìká rẹ̀, àti iwin ọkùnrin kan tó wá fẹ́ ẹ sílé ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò sì lè kúrò mọ́.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíra padà díẹ̀," iwin náà ń ráhùn. "Ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Ìwọ lo ní o fẹ́ràn mi," arúgbó náà dá a lóhùn. Ó wo Ọdẹ́jìmí. "Ọdẹ, mo mọ ohun tó gbé ọ wá. Òkúta náà ti ń kùn bọ̀ lẹ́yìn òkè. Má sún mọ́ mi. Mo ní àlọ́ kan. Bí o bá já a, n ó ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí o kò bá já a, wá dìmọ́ mi, kí ẹni ẹ̀yìn mi yìí lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ pa á, Yèyé."

"Ohun méjì ni asáré máa ń gbé wá síbi tó ti máa kọlu ẹnì kejì. Bí wọ́n bá kọlura tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì náà kì í sọnù rárá. Èkejì ń dín kù. Èwo ni kì í sọnù? Èwo ló ń dín kù, ibo ló sì ń lọ?"

Iwin ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. "Ó máa lẹ̀ ni."

Ọdẹ́jìmí kúnlẹ̀, ó ń ronú, ó ń gbọ́ kíkùn òkúta láti ẹ̀yìn òkè. Àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Ní agbo ilé náà, wọn kì í tọrọ iná lọ́dọ̀ aládùúgbò bí iṣẹ́ tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èèwọ̀ ni. Àbúrò ìyá rẹ̀ á gbé irin tútù tẹ́ẹ́rẹ́ sórí owú, irin ńlá tí wọ́n ń lu irin lé, á máa fi òòlù lù ú kíákíá, kán-kán-kán, láìsinmi. Irin á tẹ́, á gbóná, á pọ́n, á sì ràn mọ́ òwú tí wọ́n fi ń dáná. Ọdẹ́jìmí ti rí i ní kékeré. Kò ronú sí i rí. Òòlù ń sáré wálẹ̀, òòlù ń dúró. Eré rẹ̀ dà?

"Yèyé," ó wí, "èyí tó ń dín kù ni iná eré. Inú irin ló ń wọ̀, ó ń sọ ọ́ di gbígbóná. Inú etí wa ló ń wọ̀, ó ń di ariwo. Ó sì ń sọ ohun tí a lù di pẹlẹbẹ. Kò lọ sí ibi kankan tí a kò lè fọwọ́ kàn. Àbúrò ìyá mi ń fi í dáná."

"Hẹn-ẹn," ni arúgbó náà wí. "Èkejì ńkọ́?"

Èyí le. Ọdẹ́jìmí ronú kan odò, ó rántí bó ṣe máa ń sáré láti bèbè fò sínú ọkọ̀ ojú omi tó dúró jẹ́ẹ́. Òun á dúró nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ á gbéra, á máa lọ pẹ̀lẹ́ síhà ibi tí òun ń sáré lọ, á sì gbé òun pẹ̀lú.

"Ìtari ni," ó wí. "Ìtari tí mo gbé fò wọ ọkọ̀, èmi àti ọkọ̀ la jọ pín in. Ọkọ̀ wúwo, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sáré tó mi. Ṣùgbọ́n ìtari náà pé. A pín in ni, a kò sọ ọ́ nù."

Yèyé Àfọwọ́mọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́, kò sì lè yà wọ́n mọ́. "Káre, ọmọ àgbẹ̀dẹ! Àwọn Olóríirin kì í lẹ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí iná eré wọn kì í kú, tí ìjà wọn kì í tán. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ra ni iná eré rẹ̀ ń kú jù. Bu àtè mi, fi ewé bù ú, má fọwọ́ bù ú."

"Ṣé mo lè fi í dá a dúró?"

"O kò lè dá a dúró. Lórí pápá yẹn, kò sí ohun tó ń dúró àfi tó bá pàdé ìtari tó tó tirẹ̀ láti iwájú, ìwọ kò sì ní in. Ṣé dídúró òkúta lo bá wá ni, àbí ọmọ rẹ?"

"Ọmọ mi ni."

"Nígbà náà, di ẹrù kún ẹrù rẹ̀ títí yóò fi máa rìn bí ìgbín. Bí ẹ bá fò sẹ́yìn látorí ohun tó ń sáré, iwájú náà ni ẹ ó ṣì máa lọ, ẹ ó bá a wọ ọ̀gbun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ìrìn ìgbín, fífò yín á borí ìrìn rẹ̀, ẹ ó sì máa yọ̀ padà bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Máa lọ. Ó ti yọjú."

Òkúta náà ti yọjú lóòótọ́. Bó ṣe kan pápá, ó ká ẹsẹ̀ sínú, ó ń yọ̀ bọ̀ lórí ikùn, ó ń hó bí ìjì. Àwẹ̀ró wà lórí rẹ̀, ó fi apá méjèèjì di ṣóńṣó rẹ̀ mú, ìró rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn.

"Bàbá mi! Ṣé kí n bẹ́ sílẹ̀?"

"Má bẹ́ o!" Ọdẹ́jìmí fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ké. "Dì í mú!"

Àwọn ọ̀kìtì amọ̀ rírọ̀ ló fọ́n ká orí pápá náà bí òkèlè tí òmìrán ṣẹ́ kù. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ ti ọ̀kìtì kan, ọ̀kìtì á yọ̀ lọ síbí, ẹni tó tì í á yọ̀ lọ sọ́hùn-ún. Ọgbọ́n tí Ọdẹ́jìmí dá nìyẹn. Á kun ọ̀kìtì kan ní àtè, á fẹsẹ̀ tì í sójú ọ̀nà òkúta, ìtì náà á sì gbé òun lọ bá ọ̀kìtì mìíràn. Ṣùgbọ́n èwo ni kó kọ́kọ́ tì? Èyí tó tóbi jù ló wà nítòsí rẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ń yún un láti tì í. Ó rántí ẹyin. Bí eré bá ṣì pọ̀, ọ̀kìtì ńlá á dá a dúró lójijì jù, ọmọ á fò. Ó kọjá èyí tó tóbi. Ó wá èyí tí kò ju agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lọ.

Pòò! Òkúta bá a, ó lẹ̀. Àwẹ̀ró tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó dì í mú. Pòò! Òmíràn lẹ̀. Pòò! Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lẹ̀. Èéfín ń rú níbi tí amọ̀ àti òkúta ti pàdé.

"Ta ló ń kó ẹ̀gbin bá mi lára?" òkúta náà bú. "Ọdẹ, wá síwájú mi, kí a jà bí akọni!"

"Ta ló ń bá ọ jà?" Ọdẹ́jìmí ti ń yọ̀ kọjá lápá ọ̀tún rẹ̀. "Ẹrù ni mò ń bá ọ dì!"

Pòò! Gbìì! Igbe òkúta náà ń wúwo, eré rẹ̀ ń rọ.

"Bàbá mi, ó ń gbóná! Ìdí ń ta mí!"

"Kò burú! Fi ìró ṣe òṣùká, kí o gbé ìdí lé e! Eré rẹ̀ ló ń jó yẹn!"

Ìgbà tó kan ọ̀kìtì ńlá, òkúta náà kò sáré ju ewúrẹ́ tó jẹun yó lọ. Ọdẹ́jìmí gbé ẹsẹ̀ méjèèjì tì í. Gbààò! Gbogbo pápá mì. Àwẹ̀ró kò fò. Òkúta, amọ̀ àti àtè di òkè kan ṣoṣo, òkè náà sì ń rìn bí àgbà tó ń ti òde àsè bọ̀.

Ó ń rìn ni o. Kò dúró. Ìtari kì í sọnù. Ọ̀kìtì ti tán lórí pápá, ẹnu ọ̀gbun sì ti súnmọ́ débi pé òtútù rẹ̀ ń fẹ́ sí wọn lójú.

Ìtì tí ọ̀kìtì ńlá fún Ọdẹ́jìmí gbé e yí lọ, ó gbé e dé bèbè ọ̀gbun níbi tí àpáta kan ti yọrí. Ó fẹsẹ̀ ti àpáta yẹn, ó dojú kọ òkè tó ń bọ̀, ó fi àyà gbá a, pàà! Ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹyẹ. Òkè náà tún rọ díẹ̀, ìwọ̀nba tí ara ènìyàn kan lè rọ òkè. Èyí tó kù, ó ń lọ.

Gbẹ̀rí rẹ̀ ni àtè mú. Àdó bàbá bàbá rẹ̀, owó ẹyọ, okùn tí ìyàwó rẹ̀ so, gbogbo rẹ̀ ti rì sínú amọ̀. Ó fà á, kò já. Ó wo ọ̀gbun. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn, ó bọ́ kúrò nínú ẹ̀wù ìran rẹ̀ bí ejò ṣe ń bọ́ awọ, ó sì fi àdó wọ̀nyẹn ṣe àtẹ̀gùn gun òkè náà. Ó bá Àwẹ̀ró lókè. Ìró ọmọ náà ti lẹ̀. Ó gé ìyẹn pẹ̀lú. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó yíjú sí ẹ̀yìn, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti òkè náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fò.

Òkè náà gba ìtì ẹsẹ̀ wọn, ó yára díẹ̀, ó rọra tẹ orí ba sínú ọ̀gbun tòun ti gbẹ̀rí. Títí di òní, a kò tíì gbọ́ ìró ìbalẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ́jìmí àti ọmọ rẹ̀ fi ìdí balẹ̀ sórí pápá. Fún ìṣẹ́jú kan kò yé wọn bóyá iwájú ni wọ́n ń lọ tàbí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni Àwẹ̀ró na ìka sí bèbè ọ̀gbun. Bèbè náà ń jìnnà sí wọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń jìnnà. Wọ́n yọ̀ padà bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi kan koríko ẹnu ibodè.

Ọdẹ́jìmí wọ Agbèjò pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bèèrè gbẹ̀rí. Ó gba ọmọ, ó gbé e wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Àpèjúwe fífò yẹn ni Ọdẹ́jìmí fẹ́ràn jù. Bí ó bá dé ibẹ̀ lábẹ́ igi ọdán, ohùn rẹ̀ á rinlẹ̀. Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, gbogbo àwọn ọdẹ pé, olúọdẹ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti di abiyamọ, ó wá gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀, ó dúró ti igi.

"Nígbà tí a fẹ́ fò," Ọdẹ́jìmí ń wí, ó ń gbá àyà, "mo yíjú sí òkúta náà, mo ní: 'Agbọ́mọsáré! Èmi Ọdẹ́jìmí, ọmọ apẹfọ̀n-má-sinmi, mo ti jẹ eré rẹ tán bí ẹni jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀! Lọ sọ fún àwọn ará ọ̀gbun pé ẹni tó borí rẹ ń kí wọn!'"

"Kẹ́ẹ̀!" Akíngbádé pariwo. "Gbogbo èyí, kí òkè tó dé ẹnu ọ̀gbun? Ọ̀rọ̀ rẹ gùn ju pápá lọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olúọdẹ Fágbèmí gbé ọwọ́ sókè, ó wo ibi igi. "Àwẹ̀ró, ìwọ nìkan lo bá a débẹ̀. Kí ni bàbá rẹ sọ gan-an?"

Àwẹ̀ró wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà kì í rọrùn fún un. Ó wo bàbá rẹ̀. Ọdẹ́jìmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó fi orí ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò bá òkúta sọ̀rọ̀," Àwẹ̀ró wí. "Èmi ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Àwẹ̀ró, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Dì mọ́ mi, ká jọ fẹsẹ̀ tì í.'"